Káàdì Onífọ́tò Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Kà fún Mi

Ìlogbò-Èkìtì

Dàpọ̀ ọmọ mi, Àkànní mi,

Káàdì tí o fi rán awakọ̀ lọ́rì sí mi ti dé ọwọ́ mi. Ó ti tó oṣù méjì báyìí. O óò ti máa sọ nínú ọkàn rẹ pé bàbá yìí ti tún ṣe tirẹ̀, pé mo ti jù ú síná. Mi ò jù ú síná. Ọ̀sán ọjọ́ tí ó dé gan-an ni mo mú un lọ bá Tíṣà Fálújó, ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí ó wá kọ́lé sí ẹ̀yìnkùlé wa, pé kí ó kà á fún mi. Òun náà ni ó ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ti ń sọ ọ́ jáde.

Mo lè wọ lọ́rì wá bá ọ ní Ìjerò, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá rí ojú rẹ, ẹnu mi óò pa dé. N óò máa bi ọ́ léèrè òjò, n óò máa sọ̀rọ̀ iṣu, n óò sì gbé ohun tí mo gbé wá padà sílé. Nítorí náà, jókòó kí o ka èyí. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ràn lórí káàdì rẹ. Apá kejì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. N óò bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì, nítorí ibẹ̀ ni ó rọrùn fún mi.

Èkíní, dúdú tí ó yí etí káàdì náà ká. Ìyá Títí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Àrà, fẹ́ gbé Títí fọ́kọ bí a bá ti kórè kòkó tán. Mo mú káàdì rẹ lọ bá a. Ó na ọwọ́ láti gbà á, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Káàdì Dàpọ̀ ni. Òun ni kó wá ya fọ́tò Títí."

"Dúdú wá ṣe yí i ká bí ìwé ìsìnkú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lójú mi kí ọmọ mi má baà rí i. Dàpọ̀ ti gbàgbé pé irú ìwé báyìí ni ṣọ́ọ̀ṣì fi ń pe ènìyàn síbi òkú ni?"

Mo rojọ́ títí, kò gbà á. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni o fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá bébà tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ atẹ̀wé ni ó fi ṣe é fún ọ, ó sì sọ fún ọ pé ó jojú ní gbèsè. Má gbà á mọ́. Ní kí wọ́n fi bébà funfun báláú ṣe é, kí wọ́n má fa ohunkóhun yí i ká. Ọkọ ìyàwó ni ó ń sanwó onífọ́tò, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ni ó ń sọ pé ẹni báyìí ni kí ẹ pè. Ojú ìyá ìyàwó ni kí o máa fi wo káàdì rẹ kí o tó san owó ìtẹ̀wé.

Má rò pé mo ń fi ọ́ ṣẹ̀sín. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ìyá rẹ, aṣọ tí mo fi ṣọ̀fọ̀ bàbá mi ni mo wọ̀, nítorí pé òun ni ó tuntun jù nínú àpótí mi. Àwọn àgbà ilé wa sọ fún mi. Mo ní aṣọ ni aṣọ ń jẹ́. Gbogbo ìlú ni ó sì mọ aṣọ náà. Ìyá ìyá rẹ kò wo ojú mi títí a fi dìde. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dá wa dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn ń rò ó. Ọdún kan tí ǹ bá fi wà pẹ̀lú Àdùkẹ́ ìyá rẹ nìyẹn, mo sì fi agídí dà á nù.

Ìkejì ni orúkọ. Tíṣà ka tìrẹ sókè: "D. A. Ògúnlànà àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀."

Mo ní, "Àwọn ọmọ wo?"

Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Dàpọ̀ tí kò tíì fẹ́yàwó! Àbí ó ti bímọ sí Ìjerò tí kò sọ fún mi?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní àwọn oníṣòwò ńlá ni wọ́n máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kí ilé iṣẹ́ wọn lè dàbí èyí tí ó ti pẹ́. Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ fi ọdún tí o kò tíì lò ṣe? Orúkọ tí ìlú ń pè ọ́ ni kí o kọ. Bí ẹnì kan bá dé Ìjerò tí ó ń bèèrè D. A., ta ni yóò dá a lóhùn? Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ Onífọ́tò, ọmọdé tí ó ń pọnmi yóò mú un débẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà, ní èdè wa, kí ẹni tí ó ka ìwé mẹ́ta péré lè fi ìka tọ̀ ọ́.

Bákan náà ni àpótí tí o kọ sísàlẹ̀. Tíṣà ní àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Kò burú fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ènìyàn kò lè wọ inú àpótí lọ bá ọ. Kọ ọ́ pé ìsàlẹ̀ ọjà, ilé alápá pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí kò rí ilé rẹ óò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ.

Mo tún rí i pé o kó iṣẹ́ jọ sórí rẹ̀ bí ẹni ń kó ẹrù sórí kẹ̀kẹ́. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, fọ́tò ìwé ìrìnnà, títún rédíò ṣe, títún aago ògiri ṣe, kíkọ pátákó. Ṣé òótọ́ ni pé o mọ aago tún ṣe? Aago tí o tú palẹ̀ nílé yìí kò tíì dún di òní. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ọmọ mi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo gbin obì, mo gbin kòkó, mo gbin kọfí, mo tún gbin ọsàn láàárín wọn lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá mi ní kí n mú ọ̀kan. Mo ní ojú rẹ̀ kò là. Nígbà tí oníbàárà bá wá láti Àràmọ̀kọ, wọn a bèèrè ilé olóbì, wọn a kọjá níwájú ilé mi lọ sí ilé ẹlòmíràn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí mò ń tà. Ìgbéyàwó nìkan ni kí o kọ. Bí o bá ya ìyàwó dáadáa, àwọn ará ilé rẹ̀ fúnra wọn ni yóò wá bá ọ nígbà òkú, wọn kò ní nílò káàdì.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀ẹ́n, àwòrán. Iṣẹ́ rẹ ni àwòrán, káàdì rẹ kò sì ní ẹyọ kan. Mo sọ èyí, Tíṣà ní ìnáwó atẹ̀wé óò pọ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ fọ́tò? Tẹ ìyàwó kan tí ó jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kí ó kéré bí èékánná àtàǹpàkò, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun káàdì. Má lẹ àwòrán kámẹ́rà mọ́ ọn. Kámẹ́rà kì í ṣe ohun tí ìyá ìyàwó ń wá. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Kí bébà náà le, kí ó sì kéré tó ohun tí obìnrin lè dì sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, kí òógùn má pa ọ̀rọ̀ rẹ́.

Kí ẹ̀yìn káàdì ṣófo. Ibẹ̀ ni kí o ti máa sọ ọjọ́ tí fọ́tò yóò jáde. Má ṣe kọ ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà nìkan. Àwa tí a kò kàwé, ọjọ́ ọjà ni a fi ń ka ọjọ́. Fa ìlà. Ìlà kan, ọjà kan. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjà márùn-ún, fa ìlà márùn-ún. Wọn a máa pa ọ̀kan rẹ́ bí ọjà bá ti tú. Nígbà tí kò bá sí ìlà mọ́, wọn a mọ̀ pé ó yá.

Ibí yìí ni mo ń bọ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ṣe ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀ ní dandan ni kí onífọ́tò wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti Iléṣà. Ó gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ki orí bọ abẹ́ aṣọ, ó ní kí a má mira. Ìyá rẹ ń pa ẹ̀rín mọ́ra, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Onífọ́tò pariwo lábẹ́ aṣọ pé, "Ìyàwó, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ojú méjì ni ẹ óò ní nínú fọ́tò o!" Ìyá rẹ dúró gbagidi. Onífọ́tò yà á tán, ó yọ orí jáde, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó ń palẹ̀ mọ́, ó fún mi ní káàdì kan. Ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ilé mi àti ọjọ́ tí ẹ óò wá gbà á, gbogbo rẹ̀ wà nínú èyí." Àwọn àna mi dúró yí mi ká. Mo gba káàdì, mo gbé e sójú, mo ń mi orí bí ẹni ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí ó jẹ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wò mí. Ó ní, "Àna wa, ẹ ti dorí rẹ̀ kodò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ ìgbéyàwó ni, kò ní ìkà nínú. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ mú un wá, kí n kà á fún yín."

Mo ní, "Ta ló ní mi ò mọ̀ ọ́n kà? Bí mo ṣe ń kà á nílé wa nìyẹn." Mo kì í bọ àpò.

Bí ó ti di pé káàdì náà kò padà jáde nìyẹn. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe tún bèèrè?

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá rẹ bi mí pé, "Fọ́tò wa ńkọ́?" Mo ní onífọ́tò sọ pé òun fúnra òun ni yóò mú un wá. Nígbà tí a wa iṣu tán, ó tún bi mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú káàdì lọ bá ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní n kò ṣe tán láti tún di ẹlẹ́yà. Ní ìgbà náà, mo ti ká káàdì náà po, òun ni mo fi ń bu áṣáà. Nígbà tí ó lóyún rẹ, ó bi mí ní ìkẹta. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ Iléṣà, ká bèèrè ulé rẹ̀. Èmi á bá yín rìn." Mo ní Iléṣà tóbi, ibo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní olè ni onífọ́tò náà, ó ti gba owó wa, ó ti sá lọ.

Kò bi mí mọ́. O kò tíì hu eyín tán nígbà tí ó kú.

Tíṣà dúró níbí. Ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, kí n kọ ọ́ pé ẹ ṣe àṣìṣe?" Mo ní kí ó kọ irọ́. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe kò mọ̀. Èmi mọ̀.

Ìwọ náà ti bi mí léèrè. O kò ju kí o lè dá omi mu lọ, o wá bá mi ní àbà, o ní, "Bàbá, báwo ni ojú ìyá mi ṣe rí?" Ohun tí mo sọ fún ọ ni pé olè kan gbé fọ́tò rẹ̀ lọ. O gbà á gbọ́. O máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé bí o bá dàgbà, o óò lọ gbà á padà lọ́wọ́ olè náà. Nígbà tí o sì wá sọ fún mi pé iṣẹ́ fọ́tò ni o fẹ́ kọ́, mo dìde níwájú àwọn àlejò, mo ní ọmọ mi kò ní ṣe iṣẹ́ olè. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni o gbé ẹrù rẹ. Mo ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ǹ bá ké sí ọ nígbà náà. Mo ní ẹsẹ̀ ara rẹ ni yóò mú ọ padà.

Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, Dàpọ̀, àfi èmi.

Nígbà tí Tíṣà ka káàdì rẹ tán, mo bi í pé, "Ṣé bí gbogbo káàdì onífọ́tò ti ń rí nìyí? Ṣé wọ́n máa ń kọ ilé wọn sí i?" Ó ní, "Kí ni wọn ì bá tún kọ síbẹ̀?" Ọjọ́ kẹta, mo wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà.

Mo rò pé n óò wá a títí yóò fi sú mi. Télọ̀ arúgbó kan tí ó wà ní ibùdó ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ bi. Ó ní, "Onífọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́, aláwàdà?" Ó fi ọwọ́ júwe ilé fún mi. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí mo fi jókòó sínú ilé ọkùnrin náà. Ìdajì ọjọ́ ni, ọmọ mi. Ìdajì ọjọ́ ni ìyá rẹ ń tọrọ lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó gbà mí lálejò. Ó ní bàbá òun kì í ju fọ́tò ìyàwó tí wọn kò bá wá gbà nù, ńṣe ni ó ń fi wọ́n kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Àwọn yìí ń bọ̀." Àwọn àlejò a máa bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òjò jò sí ògiri náà, àwọn fọ́tò bà jẹ́. Wọ́n fọ àwọn dígí kámẹ́rà tí ojú àwọn ènìyàn náà wà lára wọn mọ́ tónítóní, wọ́n tà wọ́n fún káfíńtà tí ó ń ṣe fèrèsé.

Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé kò fún yín ní káàdì ni?"

Mo ní, "Ó fún mi."

Ó wọlé lọ bu omi wá fún mi.

Ìyá rẹ wà lára ògiri náà ní gbogbo ìgbà tí mo ń pe onílé ní olè. Mo rántí aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rántí bí èjìká rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń sá fún mi. Bí mo bá gbìyànjú láti rí i, ojú rẹ ni mo ń rí, n kò sì mọ̀ mọ́ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ tìrẹ. Ohun tí ó yẹ kí n fi jogún fún ọ nìyẹn, kò sì sí níbì kankan mọ́.

N kò lè sọ pé kí o má bínú. Bínú bí ó bá ti tó. Ṣùgbọ́n gba ìmọ̀ràn kan yìí, òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀. Bí o bá ya fọ́tò ìgbéyàwó tán, tí o fẹ́ fúnni ní káàdì, má fi í lé ọkọ ìyàwó lọ́wọ́. Irú mi pọ̀ nínú wọn, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìlóro. Wọn a mi orí, wọn a kì í bọ àpò. Fi í lé ìyàwó lọ́wọ́. Kà á sí i létí, jẹ́ kí ó sọ ọ́ padà fún ọ, kí o tó gbé àpótí rẹ. Bí ọjọ́ bá sì pé tí wọn kò wá, ìwọ ni kí o lọ bá wọn nílé.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ Àdùkẹ́ ni ọkùnrin yẹn fi í sí, ì bá dá nìkan rin ọ̀nà Iléṣà lọ gbà á, pẹ̀lú oyún rẹ nínú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnlànà.
Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́.